Ọmọ mẹ́tàlélógún àti ọ̀kan sí i: bí a ṣe múra ìpàgọ́ Òṣogbo

 

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka ìwé wa yìí bọ̀ mọ̀ mí sí ìyá tó ń kọ nípa oúnjẹ ọdún. Lọ́tẹ̀ yìí, iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ wa, láti ọmọ ọdún mẹ́jọ dé mẹ́tàdínlógún, fẹ́ lọ pàgọ́ ní Òṣogbo nígbà ìsinmi àárín sáà: Fúráìdé lọ, Sọ́ńdè bọ̀. Bàbá ní èmi ni kí n ṣètò rẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ẹlòmíì." Wọ́n ní, "Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí ló ń wo ilẹ̀ dáadáa kó tó gbẹ́sẹ̀."

Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹ̀yin náà ẹ jẹ́ n sọ ọ́ fún yín, torí ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí kò sí níbẹ̀.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, lọ́jọ́ àṣekágbá ọdún Ọ̀ṣun, èmi ni mo sọ ọmọ ọlọ́mọ nù. Ọmọ mọ́kànlá la kó lọ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá ti dé Òṣogbo lọ́jọ́ àṣekágbá rí mọ bó ṣe ń rí: bí Arugbá bá ti gbé igbá jáde láàfin báyìí, gbogbo ayé ló ń wọ́ tẹ̀lé e lọ sínú igbó. Funfun la wọ̀. Funfun ni gbogbo èrò wọ̀. Mo bojú wẹ̀yìn, mo ka orí mẹ́wàá. Mo tún un kà, mẹ́wàá náà ni. Ìdòwú, ọmọ Ìyá Ìbejì ti Àkèsán, ni kò sí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà yẹn.

Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni mo fi sáré kiri láàárín èrò bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Obìnrin kan tó ń ta kèrègbè àti kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà ló ti mú un jókòó sábẹ́ agboòrùn, tó fún un ní bisikíìtì. Obìnrin náà ní òun béèrè orúkọ ìyá rẹ̀, ọmọ ní "Màámi." Òun béèrè ibi tí wọ́n ti wá, ọmọ ní "Ilé wa." Kò mọ nọ́ńbà fóònù kankan. Kò sí ìwé kankan lára rẹ̀. Ẹ̀bi ta ni? Èmi tí mo kó wọn jáde ni.

Ìyá Ìbejì kò bú mi. Ìbá sàn kó bú mi. Ó gba báàgì ọmọ lọ́wọ́ mi, ó ní "Ẹ ṣé, Ẹ̀gbọ́n," ó sì mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé. Láti ọjọ́ náà, ọmọ rẹ̀ kankan kì í bá wa lọ síbi tó kọjá Ìkòtún.

Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ fún Bàbá nìyí: bí a bá máa lọ, a ò ní lọ lọ́jọ́ àṣekágbá. Oṣù Ògúsìtì ni ọdún Ọ̀ṣun. Oṣù kẹwàá ni a mú, nígbà tí èrò ti túká tí òjò sì ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ bínú. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Màámi, kí la fẹ́ lọ wò níbi tí kò sí ìlù?"

Mo ní ẹ ó wo igbó. Igbó tó tó hẹ́kítà 75 láàárín ìlú ńlá, tí wọn kì í dẹ ọdẹ níbẹ̀, tí wọn kì í pa ẹja, tí wọn kì í gé igi. Ìjọba àpapọ̀ ti sọ ọ́ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1965, àjọ UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ pa mọ́ ní 2005. Lọ́jọ́ ọdún, ẹ̀yìn orí èèyàn nìkan lẹ máa rí. Lọ́jọ́ tí kò sí èrò, ẹ máa gbọ́ odò, ọ̀bọ yóò sì jí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín gbé.

Ọ̀rọ̀ ọ̀bọ yẹn ló mú wọn gbà, kì í ṣe UNESCO.

Ọmọkùnrin kan béèrè bóyá òótọ́ ni pé oyinbo ló kọ́ igbó Ọ̀ṣun. Ìbéèrè yẹn máa ń ká mi lára. Ọ̀ṣun ti wà níbẹ̀ kí Lároóyè àti Olútìmẹ́hìn tó dé, kí wọ́n tó gé igi tó ya lu odò, tó fọ́ ìkòkò aró rẹ̀. Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, ọmọ ilẹ̀ Austria, dé Nàìjíríà ní 1950, ó sì kú sí Òṣogbo ní 2009. Òun àti àwọn ọmọ Òṣogbo ló jọ mọ àwọn ère ńláńlá wọ̀nyẹn: Adébísí Àkànjí tó jẹ́ bíríkìlà, Kàsálì Àkàngbé tó ń gbẹ́ igi, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí tó ń gbẹ́ òkúta. Mo sọ fún ọmọ náà pé obìnrin yẹn kọ́ ni ó dá igbó sílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ń ta á, tí àwọn agégi ń wọ̀ ọ́, ó wà lára àwọn tó dúró pé kò ní í bàjẹ́. Méjèèjì ni kí ẹ rántí.

Ẹ jọ̀ọ́, inú igbó kọ́ la ó sùn o. Àwọn ìyá kan ti ń pè mí lórí fóònù pé ṣé ẹ fẹ́ kó ọmọ wa sùn lọ́dọ̀ ejò ni. Igbó òrìṣà kì í ṣe ibi tí èèyàn ń ta tàpólì sí. Ilé olórìṣà kan nínú ìlú ni wọ́n ti fún wa ní pálọ̀ àti yàrá méjì. Àwọn obìnrin á sùn nínú yàrá, àwọn ọkùnrin á ta tàpólì sí àgbàlá kí ọkàn wọn lè balẹ̀ pé ìpàgọ́ làwọn wá. Ẹni, kúbùsù kan, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, tọ́ọ̀ṣì, kànìnkànìn, pákò, bàtà tó bo ẹsẹ̀. Fóònù? Àwọn àgbà ọ̀dọ́ mẹ́rin péré. Ẹkún pọ̀ lórí ìyẹn, mi ò gbọ́.

Owó tí ọmọ kọ̀ọ̀kan san jẹ́ ₦15,000. Kò ká owó ọkọ̀ àti oúnjẹ, ilé ló fi èyí tó kù kún un. Ìdílé mẹ́ta wà tí kò rí i san. Ẹ má bi mí ta ni. Àwọn ọmọ wọn wà nínú ọkọ̀.

Rẹ́jísítà ló gba àkókò mi jù. Mo ra ìwé ńlá kan ní ọjà Ìkòtún, mo fa ìlà sí i: orúkọ, ọjọ́ orí, fóònù méjì, àìsàn, oògùn, èèwọ̀. Mo rò pé ìrọ̀lẹ́ kan ni màá fi kọ ọ́ tán. Ọ̀sẹ̀ méjì ló gbà.

Mo ti ń se oúnjẹ nílé yìí láti ìgbà tí mo ti ṣègbéyàwó wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò tíì kọ èèwọ̀ ọmọ mẹ́tàlélógún sójú kan rí. Ọmọ Ṣàngó kì í jẹ ẹ̀wà sèsé. Ọmọ Ọya kì í jẹ àgbò. Ọmọ Ọbàtálá méjì wà tí ìyá wọn ní kí wọ́n má fẹnu kan iyọ̀ lọ́jọ́ ọ̀sẹ̀. Àdí kò gbọ́dọ̀ wọ inú ẹrù wa rárá nítorí Èṣù tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé tí a ó dé sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni èyí tí Ifá fún ẹnìkọ̀ọ̀kan: eléyìí kì í jẹ eku, tọ̀hún kì í jẹ àkùkọ, ẹnì kan wà tí kò gbọ́dọ̀ wọ aṣọ pupa. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́wàá kan wo ojú mi, ó ní èèwọ̀ òun ni ẹ̀fọ́. Gbogbo ẹ̀fọ́? Ó ní gbogbo ẹ̀fọ́ pátápátá. Mo pe ìyá rẹ̀. Ìyá rín rín títí fóònù fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà pé òun ni yóò kọ́kọ́ jẹ yánrìn.

Kí n má pa á mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn iṣẹ́ náà níbẹ̀. Mo wá rí i pé kò sí ìkòkò kan tí kò lè gba gbogbo wọn, bí èèyàn bá béèrè ṣáájú. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ẹ̀wà funfun, ìrẹsì, ẹja, ẹyin, ọbẹ̀ ata. Iyọ̀ yóò wà lọ́tọ̀ nínú ike, kí oníkálukú bù ú fúnra rẹ̀.

Abala àìsàn ni kò pa mí lẹ́rìn-ín. Ọmọ kan ní ikọ́ fée, ohun tó ń fà símú gbọ́dọ̀ wà lápò rẹ̀, kì í ṣe ìsàlẹ̀ báàgì. Ìyá mìíràn pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí, pé fọ̀níkú-fọ̀ladìde ni ọmọ òun ní. Ó ní èyí tó ṣáájú rẹ̀ kú ní ọmọ ọdún mẹ́rin, àbíkú ni gbogbo ará àdúgbò sì pè é. Ó ń bọ Ẹgbẹ́ fún eléyìí, ó sì ń fún un ní oògùn ọsibítù lójoojúmọ́. Méjèèjì ni mo kọ. Nọ́ọ̀sì tó wà nínú ẹbí wa tó ń bá wa lọ sọ ohun tí a ó máa ṣọ́: kí òtútù má mú un, kí òǹgbẹ má gbẹ ẹ́, kí ẹ̀fọn má jẹ ẹ́, bí ara bá sì ń ro ó, kí a má sọ pé kó fara dà á.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà ò gbà wá lákòókò. Ọmọ wa kan ní dàda, ó ti ń hu irùngbọ̀n, ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe máa ń wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà. A kọ ìwé kan lédè Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú orúkọ àti fóònù òbí kọ̀ọ̀kan, Bàbá fọwọ́ sí i, a ṣe ẹ̀dà mẹ́ta. Bàbá ọmọ mìíràn kì í ṣe ẹlẹ́sìn wa. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó béèrè pé ṣé wọ́n máa fi ipá mú ọmọ òun bọ nǹkan kan. Mo ní rárá, sà. Ó fọwọ́ sí i. Ó tún fún wa ní páálí omi ìgò méjì.

Omi yẹn mú mi dé orí ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀.

Ní ìpàdé òbí, ní àgbàlá Bàbá n'Ígándò, nọ́ọ̀sì dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ọmọ kankan má mu omi odò o." Ìyá Àgbà, Ìyá Ọlọ́ṣun ilé wa, wà lórí àpótí wọn. Gbogbo wa ló mọ̀ pé wọn kì í gbé ohùn sókè. Wọ́n ní, "Omi tí mo mu kí n tó lóyún? Omi tí wọ́n fi wẹ ìwọ alára lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ?" Kò sẹ́ni tó mí.

Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú sí mi. Kì í ṣe Ọ̀ṣun ni mo bá wí." Ó wá ṣàlàyé. Láti Ìgèdè-Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti ń ṣàn bọ̀. Òun àti àwọn odò kéékèèké tó ń wọ inú rẹ̀ ń gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń wa góòlù. Ẹrẹ̀ àti ohun tí wọ́n fi ń fọ góòlù ń bọ́ sínú omi. Ìdí nìyẹn tí àwọ̀ odò fi pọ́n bí tíì olómi wàrà. Ní 2022, kí ọdún tó wọlé, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má mu ún. Ẹnì kan béèrè pé bí a bá sè é ń kọ́? Ó ní sísè ń pa kòkòrò, kì í lé májèlé inú ilẹ̀ lọ.

Ìyá Àgbà dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní, "Nígbà náà, kì í ṣe Ọ̀ṣun ló yí padà."

"Rárá, Ìyá. Àwọn tó wà lókè odò ni."

"Ta wá ni yóò lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọ̀ṣun?"

Bàbá ní, "Àwọn ọmọ yìí náà ni."

Ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí nìyẹn. Omi inú ọ̀rá àti omi ìgò la ó mu. Bí a bá dé ojúbọ, oníkálukú yóò kúnlẹ̀ tọrọ tirẹ̀, yóò sì bá wa bẹ̀ ẹ́ nítorí ohun tí wọ́n ṣe sí omi rẹ̀. Ìyá Àgbà ní ṣùgbọ́n ọmọ òun kankan kò ní í lọ kí Ọ̀ṣun ní ọ̀nà ọ̀fun gbígbẹ. Wọ́n ní òun ó pọn omi mímọ́ sínú ìkòkò Ọ̀ṣun òun lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, òun ó wúre sí i, òun ó sì fún wọn mu lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó wọkọ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kò ní í fara mọ́ èyí. Wọ́n ti sọ fún mi ní Ẹgbẹ́dá pé a ti ń fi ẹ̀kọ́ ọsibítù ba àṣà jẹ́. Èmi ní tèmi, bí Ìyá Àgbà bá ti gbà, ó tó mi.

Nínú ìpàdé náà la ti pín àwọn ọmọ sí méjì-méjì, àgbà kan, kékeré kan. Táyé-Kẹ́hìndé ni wọ́n ń pè é. Bí Táyé bá fẹ́ lọ sílé ìyàgbẹ́, Kẹ́hìndé gbọ́dọ̀ mọ̀. Oníkálukú yóò so aṣọ òféèfèé sọ́rùn ọwọ́, nítorí funfun ti tàn mí jẹ lẹ́ẹ̀kan. Nọ́ńbà fóònù méjì yóò wà lára apá wọn, a ó fi báírò kọ ọ́ láràárọ̀. Àwọn kékeré gbọ́dọ̀ mọ orúkọ ìyá wọn gan-an, orúkọ òpópónà, àti "Ìgándò, Alímọ́ṣọ́, Èkó." Mo ń bi wọ́n léraléra bí ẹni ń kọ́ tábùlù.

Mẹ́tàlélógún kò ṣe é pín sí méjì. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan ló ṣẹ́kù tí kò ní Kẹ́hìndé. Mo ní kó bá mi lọ. Ó ní, "Màámi, ẹ̀yin lẹ máa ń dáná. Ẹ lọ mú Ìdòwú wá."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń yí i ká. Lọ́jọ́ kẹrin mo mú rẹ́jísítà, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, mo lọ bá Ìyá Ìbejì nídìí ata rẹ̀ lọ́jà Ìkòtún. Ó fún mi ní ìjókòó, ó ń ta ọjà lọ. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀ díẹ̀, mo gbé ìwé náà lé e lẹ́sẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó ṣí i láti ojú ewé kìíní, ó kà á dé òpin, tòun ti èèwọ̀ ọmọ tí kì í jẹ ẹ̀fọ́. Níbẹ̀ ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa ka orí wọn?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó ní, "Ẹ̀yin náà lẹ kà á nígbà yẹn."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo kúnlẹ̀ sínú omi tòmátò níbẹ̀, mo ní kó foríjì mí. Mi ò tíì ṣe é rí. Ọdún méjì, mo kàn ń kí i ni. Ó sáré gbé mi dìde, ó ní àgbàlagbà kì í kúnlẹ̀ lọ́jà, oníbàárà ń wò. Ó wá yíjú sí ata rẹ̀, ó ń tò ó. Ó ní, "Ọmọ náà ò yé béèrè. Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni màá kà á."

Mo ní, "Ọkọ̀ kò ní í kún?" Bọ́ọ̀sì méjì, èrò mẹ́rìnlá-mẹ́rìnlá. Ọmọ mẹ́tàlélógún, èmi, nọ́ọ̀sì, àti ọmọ Bàbá tó jẹ́ awo: mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Àyè méjì ló ṣẹ́kù. Ó ti ṣírò rẹ̀ kí n tó dákẹ́.

Bàbá ti dífá sí ìrìn àjò náà ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Ohun tó jáde kì í ṣe ti inú ìwé. A rú ẹbọ, a kó àádùn, ìrèké, ẹ̀pà àti súìtì fún Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ. Èyí tó bọ́ sílẹ̀ nínú súìtì náà, ẹ má ṣe bi mí ẹni tó kó o jẹ.

Fúráìdé, aago márùn-ún kù díẹ̀ ní ìdájí, Bàbá ta epo sí Èṣù lẹ́nu ọ̀nà. NEPA ti mú iná, tọ́ọ̀ṣì àwọn ọmọ la fi ń ríran. Ìyá Àgbà jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ìkòkò wọn àti igbá kékeré kan. Ọmọ kan á kúnlẹ̀, wọ́n á bu omi fún un, wọ́n á fi ọwọ́ tútù kan orí rẹ̀, á mu, á wọlé. Ìyá Ìbejì dúró lápá kejì, rẹ́jísítà lọ́wọ́, ó ń fa ìlà sí orúkọ bí igbá ṣe ń dìde. Ìdòwú ti ga, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá mi léjìká. Nígbà tó kàn án, Ìyá Àgbà béèrè orúkọ ìyá rẹ̀, ó sì dá wọn lóhùn ní kíkún, orúkọ àbísọ àti ti bàbá, òpópónà, Àkèsán, Alímọ́ṣọ́, Èkó, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù méjèèjì, láìmí.

Ìyá Ìbejì kà wọ́n kí a tó kúrò n'Ígándò. Ó tún wọn kà ní Ìyànà Ìpájà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ̀ kalẹ̀. Ó kà wọ́n n'Íbàdàn, ó kà wọ́n ní Gbọ̀ngán níbi tí a ti ra búrẹ́dì. Mẹ́rìnlélógún ni.